Ọdún Tí A Tún Ilé Olójú Púpọ̀ Ṣe

Bí òjò bá ti ṣú lápá Ìkọ̀yà, kí ó tó dé Òkìtìpupa rárá, màmá mi á ti máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ẹnìkan gbé bàsíà sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, kí ẹnìkan gbé korobá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá bàbá mi, kí a má sì gbàgbé ìkòkò irin tó máa ń wà níbi tí òrùlé ti pàdé ògiri. Gbogbo wọn ló ní ohùn tiwọn. Korobá a máa dún pó, pó, bàsíà a máa dún gbọnran-gbọnran, ìkòkò irin náà sì ní ohùn kan tó dùn débi pé ẹ̀gbọ́n mi Akin máa ń jó sí i. Mo rò nígbà náà pé bí òjò ṣe ń rọ̀ nínú ilé gbogbo ènìyàn nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sùn sílé ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ òjò, tí mi ò gbọ́ ohùn korobá kankan, oorun ò kùn mí rárá.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà, nígbà tí òwò epo pupa àti gẹdú ṣì ń mú ọrọ̀ gidi wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ohun tí mo sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí ilé rẹ̀ sọ fún mi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí wọ́n lè máa wo orí àwọn ará àdúgbò láti òkè. Òun ní kí ayàwòrán-ilé kan bá òun ya ilé tí kò ga, tó nà gbọọrọ bí ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń gbatẹ́gùn. Òrùlé rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Kọnkéré pẹrẹsẹ kan yọ síta lókè ẹnu ọ̀nà, ó dúró lórí òpó irin tín-ín-rín méjì, wọ́n sì ní àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Níwájú ilé ni ògiri kan wà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò tò láti ilẹ̀ dókè. Ihò náà rí bí ojú, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, oòrùn àárọ̀ sì ń gba ibẹ̀ ya àwòrán sílẹ̀ pálọ̀ wa. Nítorí ògiri yìí ni gbogbo ìlú ṣe ń pè é ní Ilé Olójú Púpọ̀. Bí o bá gun ọ̀kadà ní gáréèjì, sáà ti dárúkọ yẹn, wọ́n á gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ilẹ̀ ilé náà ni èmi fẹ́ràn jù. Tẹrásò ni, ìyẹn ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n po òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà mọ́, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ lọ̀ títí tó fi dán. Ó tutù. Lọ́sàn-án ọjọ́ oòrùn, èmi àti Akin á bọ́ aṣọ, a ó dùbúlẹ̀ lé e lórí bí ẹja. Wọ́n fi ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pín ilẹ̀ náà ní ìpín ìpín, àmọ́ ọdún ti gorí ọdún, ẹsẹ̀ ènìyàn ti jẹ sìmẹ́ńtì lọ díẹ̀díẹ̀, orí idẹ wá yọ. Ojú lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìyé ni a ń pe ìyá bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa. Kì í wọ bàtà nínú ilé. Ó máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyàwó ọba, ẹni tó bá sì gbé àga kúrò láyè rẹ̀ tí kò dá a padà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní àràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n, á ní, "Fúnkẹ́ mi, o jí ire." Mo gbà pé bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń kí ọmọ ọmọ wọn nìyẹn. Òun àti màmá mi mọwọ́ ara wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni màmá mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tó sì kọ́kọ́ dé Òkìtìpupa, ó ní ìdajì ọ̀rọ̀ Ìyé ló ń gbọ́, ẹ̀rín ló ń fi dáhùn ìdajì tó kù. Nígbà tí mo gbọ́njú, kálukú wọn ti dúró lórí èdè tirẹ̀: màmá mi á sọ ti Ọ̀yọ́, Ìyé á fi Ìkálẹ̀ fèsì, wọn á sì jọ ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí ẹ̀fọ́ rírò dé orí ọ̀rọ̀ ìjọ.

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà ni àbúrò bàbá mi wá láti Èkó. Dádì Ìkẹjà ni a ń pè é, nítorí Ìkẹjà ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó wọ léèsì funfun. Màmá mi ti se ọbẹ̀ márúgbó dúdú tí òun pàápàá ti wá mọ̀ ọ́n sè ju ọmọ Ìkálẹ̀ gan-an lọ, ó sì gbé púpurú gbígbóná, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń fi èéfín gbẹ kí a tó rò ó, tì í. Dádì Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè ni òjò dé. Kí a tó rí bàsíà gbé, ẹ̀kán omi kan ti já láti àjà sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ sì ta sí àyà léèsì náà. Akin rẹ́rìn-ín, bàbá mi wò ó, ó dákẹ́. Dádì Ìkẹjà ò bínú. Ó gbé àwo jẹ́jẹ́ sílẹ̀, ó wo àjà, ó wo Ìyé, ó sì ní ojú ń ti òun. Ó ní kò tọ́ kí ilé tí bàbá àwọn kọ́ máa jò lórí ìyá àwọn nígbà tí àwọn ọmọ wà láyé. Òun á tún un ṣe, láti òrùlé dé ilẹ̀.

Tíṣà ni bàbá mi náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ náà á fi tutù. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ ṣe òrùlé ná. Àbúrò rẹ̀ ní ilé tí a bá tún apá kan ṣe, apá kejì á máa bú u. Wọ́n jọ fà á títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi dúró lórí ọ̀rọ̀ ògiri olójú àti kọnkéré ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Dádì Ìkẹjà gbà, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí ilẹ̀ yí padà, ayé ti kúrò níbi tẹrásò, táìlì dídán lòun máa kó wá. Ìyé wá béèrè pé, "Gbogbo ilẹ̀ náà?" Dádì Ìkẹjà dáhùn pé gbogbo ẹ̀ ni, pé bí Ìyé bá wo ilẹ̀ náà tán, wọn á rí ojú ara wọn nínú rẹ̀. Ìyé ní ó dáa. Ó ní kí n bu omi wá kí òun fọwọ́.

Bí a ṣe kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ilé epo kan wà níbẹ̀, níbi tí bàbá àgbà ti máa ń to dúrọ́ọ̀mù epo sí nígbà ayé rẹ̀, ibẹ̀ la sì ń gbé ní gbogbo àkókò iṣẹ́ náà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn epo pupa tó ti pẹ́ lára pákó, inú mi á kàn máa dùn ni. Orí ẹní la jọ ń sùn, gbogbo wa, bàbá mi ń hanrun lápá ọ̀hún, Ìyé ń gbàdúrà lábẹ́ ẹ̀mí lápá ìhín. Ìta la ti ń dáná. Ìyé ló ń bójú tó púpurú tó ń gba èéfín lórí àjà iná, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn yí i. Á kàn fi àtẹ́lẹwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, á sì mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Wọ́n da iyanrìn sójúde, òkè gíga, a sì sọ ọ́ di òkè tiwa títí àwọn òṣìṣẹ́ fi lé wa.

Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ni Múráínà, ọmọ Òde-Ayé, Mùsùlùmí tó jẹ́ pé láti orí bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun níbẹ̀. Ó sanra, ó ń kọrin, ó sì ń pọ́n ara rẹ̀ lé ju bí mo ṣe rí ẹnikẹ́ni ṣe é rí lọ. Bó bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri kan tán, á pè wá kí á wá wò ó, á ní ṣé a rí i pé kódà eṣinṣin ò lè dúró lórí rẹ̀ torí yíyọ̀. Lọ́jọ́ kan eṣinṣin bà lé e lójú gbogbo wa. Múráínà ní ti Ìkọ̀yà ni, ó yàtọ̀. Ìyé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Ẹni tí kò mọ nǹkan tí kò lè ṣe ti dé."

Wọ́n kan òrùlé tán, òjò rọ̀, ilé ò jò. Àwa ọmọ dúró nínú pálọ̀ òfìfo, a ń retí ohùn korobá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni táìlì dé láti Èkó, aláwọ̀ funfun, ó sì dán lóòótọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó lọ láti pálọ̀ dé àwọn yàrá ni Múráínà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yọ àwọn ọ̀pá idẹ kúrò, ó gbẹ́ ojú ilẹ̀ àtijọ́ wúruwùru kí sìmẹ́ńtì lè dì í mú, ó wá tẹ́ táìlì lé e. Nígbà tó gbẹ, a wọlé lọ wò ó. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Mo ta bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, mo yọ̀, mo ṣubú, mo tún dìde. Mo rò pé kò sí ilé tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyé ní òun fẹ́ lọ wo yàrá òun. Kò jẹ́ kí a tẹ̀ lé òun. Mo jókòó lójúde níbi tí mo ti ń rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó kọjá pálọ̀ dáadáa, ó káwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe, ó wá dé orí táìlì, ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan wá nǹkan síwájú, ó fi wá sí ẹ̀gbẹ́. Ó tún rìn díẹ̀. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń lọ tààrà síbi tí wọ́n to páálí táìlì sí, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé kí ló fẹ́ mú níbẹ̀. Ó kọ lù wọ́n, ó sì wó lulẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó, ó ń di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Fúnkẹ́, ibo ni mo wà?"

Màmá mi gbé e lọ sínú ilé epo, ó ń fi àdí ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú. Èmi wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rántí lé mi jáde. Bó ṣe ń ra á ló bi í pé:

"Ìyé, ẹ ò rí àwọn páálí yẹn ni?"

"Ìyá Akin, ó ti pẹ́ tí mi ò ti ríran. Òjìji ni mo ń rí tẹ́lẹ̀, òun náà ti lọ. Idẹ ilẹ̀ yẹn ló ń mú mi lọ, tó ń mú mi bọ̀. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e láti pálọ̀, ibi tó bá ti dábùú, yàrá mi nìyẹn. Èyí tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ báyìí ò sọ nǹkan kan fún mi."

Màmá mi béèrè ìdí tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyé ní òun bá ìbátan òun kan lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Oǹdó láìjẹ́ kí a mọ̀, dókítà sì ní irú àìsàn yẹn, bó bá ti mú ojú lọ, kì í dá a padà mọ́. "Bí mo bá sọ fún yín," ó ní, "ẹ ó ní kí n jókòó sójú kan, kí ẹ máa gbé oúnjẹ wá bá mi. Mi ò tíì ṣe tán àtijókòó."

Mo jókòó níbẹ̀, mo ń ro ọwọ́ tó ń pa mí lójú ní àràárọ̀. Bí mo ṣe wà yìí, Ìyé ò rí ojú mi yékéyéké rí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ bí imú mi ṣe rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé ojú sókè fún un dáadáa, mo sì dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi pa á tán.

Bàbá mi lọ tẹ Dádì Ìkẹjà láago nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, ó sì dé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí Ìyé máa bá òun lọ sí Èkó, àwọn dókítà wà níbẹ̀. Ìyé bá a lọ lóòótọ́, wọ́n padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ohun tí wọ́n sọ ní Oǹdó náà ni wọ́n sọ fún wọn. Dádì Ìkẹjà wá ní kí a wá ẹni tí yóò máa fa Ìyé lọ́wọ́. Bàbá mi ní kí a tú táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a dá tẹrásò padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo, àwa ọmọ sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn òkè iyanrìn. Dádì Ìkẹjà ní gbogbo làálàá òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣòfò, pé ohun tó dára tí òun fẹ́ ṣe fún ìyá òun, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ sí òun lọ́rùn. Bàbá mi, tí kì í yára sọ̀rọ̀, yára lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ìwọ lo rà á, èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Àwa méjèèjì la ṣe é. Jẹ́ ká jọ tú u." Àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀, kò jẹun, kò mu omi, ó gba ọ̀nà Èkó lọ. Nínú ilé wa, kí ẹnìkan lọ láìjẹun burú ju èébú lọ. Màmá mi gbé oúnjẹ rẹ̀ dání lójúde títí a ò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́. Ìyé ní kí ó gbé e wọlé, pé ọmọ tó bínú kúrò nílé, ilé náà ni yóò bínú padà sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan láti Èkó mọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ wa la sì fi parí iṣẹ́ náà. Múráínà fi sùúrù tú táìlì, ó sì kó o lọ sí ilé ìdáná àti balùwẹ̀, níbi tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni níbi, torí ògiri ibẹ̀ súnmọ́ ara wọn débi pé Ìyé lè fi ọwọ́ tọ̀ wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wàhálà wà. Ó ti gbẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ bàjẹ́, àfi kí a po tẹrásò tuntun, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lò fún un kò sì sí ní gbogbo agbègbè wa. Màmá mi ló ní àbá. Ó ní àwọn obìnrin ẹ̀yà Ìjọ tó ń ta ẹja láti ọ̀nà odò máa ń gbé ìṣáwùrú inú omi wá, pé ṣé karawun rẹ̀ ò lè rọ́pò òkúta? Múráínà ronú, ó ní òun ò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe é rí, nítorí náà òun nìkan ló lè ṣe é.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìṣáwùrú nìyẹn. A fi jẹ púpurú, a fi jẹ ẹ̀bà, a fi jẹ iṣu. A jẹ ẹ́ láàárọ̀ kí a tó lọ síléèwé, ó tún ń dúró dè wá nígbà tí a dé. Bàbá mi, tí kì í fi oúnjẹ ṣe àwàdà, wo àwo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kò ní pẹ́ tí àwa náà yóò fi hu karawun lẹ́yìn. Màmá mi ní kí ó jẹun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò tíì kún. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó karawun tiwọn wá. Ìyá Rísí tó wà ní ìdojúkọ wa kó àwo tánganran tó fọ́ wá, èyí tó ní òdòdó pupa lára, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ohun tí òun máa fi í ṣe. Akin rí ìgò búlúù kan níbì kan. Gbogbo ọ̀sán la fi ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ lórí òkúta, tí a ń fọ̀ ọ́, tí a ń sá a, Ìyé sì jókòó láàárín wa, ó ń fi ìka wá èyí tó ṣì tóbi jù nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ tí Múráínà pò wò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí màmá mi ṣàpèjúwe rẹ̀ fún Ìyé pé ó dà bí ọbẹ̀ tó dànù, Ìyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èkejì funfun díẹ̀, ó ní àwọ̀ eérú nínú, karawun sì ká rọ́bọ́tọ́rọ́bọ́tọ́ nínú rẹ̀ bí ìgbín kéékèèké. Ìyẹn la mú.

Ọ̀pá idẹ ló kù. A bi Múráínà léèrè ibi tí ti àtijọ́ wà, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́. Ó ní nígbà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn, òun ti fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé òun. Ó lọ sí Òde-Ayé lọ tú wọn. Ó padà ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú idẹ lábíyá, ó ní ìyàwó òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyé fi púpurú mélòó kan ránṣẹ́ sí ìyàwó náà, ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀ṣọ́.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ wá láti Oǹdó ni màmá mi rántí ohun kan tí gbogbo wa gbàgbé. Bí ẹ̀rọ bá lọ ilẹ̀ náà tán, yóò lọ idẹ mọ́ ọn, ohun gbogbo á dọ́gba, Ìyé ò sì ní mọ ọ̀nà. Ó ní kí Múráínà jẹ́ kí orí idẹ yọ díẹ̀, kó fi ẹ̀rọ lọ àárín, kó wá fi ọwọ́ lọ ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ idẹ. Múráínà kọ̀. Ó ní bí àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ òun bá rí ilẹ̀ tí kò dọ́gba tí wọ́n sì gbọ́ pé òun ló ṣe é, òun ò ní lè gba ọjà kọjá mọ́. Màmá mi ò bá a jiyàn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́ jókòó, ó fi di ojú rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú un dúró sẹ́nu pálọ̀ lórí ilẹ̀ àtijọ́ tó kù, ó ní kó wá ilẹ̀kùn. Ọkùnrin ńlá yìí na ọwọ́ síwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀ bí adìyẹ, àwa ọmọ ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rí idẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tó tú gèlè náà, ó ní òun á ṣe é, pé òun á tiẹ̀ fi ọ̀pá méjì sí ẹnu balùwẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa ṣì í.

Ọjọ́ ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ ni ọjọ́ tí a dọ̀tí jù láyé wa. Ẹ̀rọ náà ń hó bí ọkọ̀ òfuurufú, omi sìmẹ́ńtì ń ṣàn jáde bí ògì, gbogbo wa sì funfun dé ìpéǹpéjú. Nígbà tí wọ́n fọ ilẹ̀ náà, karawun, òdòdó pupa Ìyá Rísí àti ìgò búlúù Akin ń dán wíńníwíńní láàárín àwọ̀ eérú. Mo ti wọ ilé olówó púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò tíì rí irú ilẹ̀ yẹn níbì kankan. Múráínà wá di ẹni tó ń mú àwọn oníbàárà wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. A gbọ́ tó ń sọ fún wọn lójúde pé èrò òun ni.

Ìyé rìn ín fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kó wọlé. Ó kọjá pálọ̀, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá idẹ, ó sì káwọ́ sẹ́yìn. Ó lọ dé yàrá rẹ̀, ó jáde, ó lọ dé balùwẹ̀, ó padà, ó tún lọ. Bàbá mi fara ti ògiri, ó ń wò ó, nígbà tó yá ó lọ síta lọ nu ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àlejò tó dé tí Ìyé ò ní fà lọ́wọ́ káàkiri ilé, tí yóò máa ṣàlàyé àwọ̀ ògiri, ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, àti èwo nínú ilẹ̀ ni àwo Ìyá Rísí.

Nígbà Kérésìmesì, ọkọ̀ Dádì Ìkẹjà dúró lójúde láìròtẹ́lẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyé ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó kí i. Kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ìjà kankan. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un rìn bó ṣe ń mú gbogbo àlejò rìn, ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn án, ó ní kí ó bọ́ bàtà, kó tẹ ibí, kó tẹ ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilé ìdáná, ó ní, "Táìlì rẹ nìyí. Ó funfun bí ẹ̀kọ, àárọ̀ ló ń dán jù, nígbà tí oòrùn bá gba fèrèsé wọlé."

Dádì Ìkẹjà bi í léèrè bó ṣe mọ̀.

"Ìyá Akin ló ń sọ fún mi," Ìyé ní. "Ojú rẹ̀ ni mo ń lò." Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sí pálọ̀ lọ jókòó.

Màmá mi wà nídìí iná, ó ń tẹ ẹ̀bà, èmi ń gbá ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìdílé wa, ọkọ ni Dádì Ìkẹjà jẹ́ fún màmá mi, wọ́n ti bí i sínú ilé yẹn tipẹ́tipẹ́ kí màmá mi tó mọ ọ̀nà Òkìtìpupa. Àwọn ìyàwó ló ń kúnlẹ̀ fún un. Dádì Ìkẹjà wo òkè wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì níwájú màmá mi, pẹ̀lú aṣọ Kérésìmesì rẹ̀. Orógùn bọ́ lọ́wọ́ màmá mi. Ó ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ohùn pé, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, epo wà nílẹ̀," ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé. Dádì Ìkẹjà ò dìde.

Ìyé gbọ́ orógùn tó bọ́. Ó béèrè láti pálọ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

"Kò sí nǹkan kan, Ìyé," màmá mi dáhùn. "Dádì Ìkẹjà ń wo táìlì wọn ni."